Ọjọ́bọ̀ Ni, Kì Í Ṣe Ọjọ́ Ẹtì

Tamsin, ọmọ ọmọ Enid, ìwé rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní o fẹ́ wá lo ọjọ́ mẹ́rìnlá lọ́dọ̀ wa létí òkun, o sì to ìbéèrè rẹ sílẹ̀ bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe: ṣé oòrùn ṣì máa ń mú nínú oṣù Kẹsàn-án, ṣé yàrá kẹrin ṣì wà, ọkọ̀ ojú irin wo ló yẹ kí o wọ̀, ṣé ẹnì kankan wà nínú ilé yìí tó ṣì rántí ìyá àgbà rẹ. Màá dáhùn gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni màá kọ́kọ́ dáhùn, nítorí dókítà ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀fóró mi ò ní bá mi dé ìgbà ìkórè èso àjàrà, tí mo bá sì gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú kú, kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ fún ọ mọ́. Mo rántí ìyá àgbà rẹ. Èmi ni mo ba ayé rẹ̀ jẹ́. Ojúmọmọ ni mo bà á jẹ́, lójú ẹnì kan ṣoṣo, gbólóhùn mẹ́ta péré ni mo sì fi bà á jẹ́. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń rìn káàkiri láti ìgbà náà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ersilia ni mí, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Mi ò lè jókòó pẹ́ mọ́, nítorí náà Gegè ló ń bá mi kọ ìwé yìí, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ wa ni yóò sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè rẹ. Gegè ló máa ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kó ẹrù àwọn àlejò wa láti títéṣàn wá sílé, láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Òun náà ni ẹnì kan ṣoṣo tí mo sọ pé ó rí mi yẹn. Bí mo ṣe dé ibí yìí ló gbé kálàmù sílẹ̀. Ó ní, "Donna Ersilia, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀. Mo lọ́mọ, mo lọ́mọ ọmọ." Mo ní, "Gegè, kọ ohun tí mo ń sọ. Nígbà tó yẹ kí o sọ̀rọ̀, o panu mọ́. Ní báyìí tí mo ní kí o panu mọ́ kí o máa kọ̀wé, ìgbà náà lẹnu rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn." Ó ti gbé kálàmù náà padà, ó ń fa imú.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà tó ń jẹ́ Saverio. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi jù mí lọ. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí òkun gbé bàbá wa lọ, Saverio sì di bàbá mi láti ọjọ́ kejì. Ẹ̀yin ni mo máa ń pè é títí ó fi kú, èmi àti òun la sì jọ ń tọ́jú ilé àlejò oníyàrá mẹ́fà yìí. Òun ń pẹja, ó ń tún òrùlé ṣe, ó sì ń bá àwọn àlejò ṣàwàdà. Èmi ń dáná, mò ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mo sì ń fi garawa gbé omi gòkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, torí omi ẹ̀rọ kì í gòkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọkùnrin méjì ló wá tọrọ mi nígbà tí mo wà léwe. Mo ní ta ló máa wá dáná fún ẹ̀gbọ́n mi. Kò sẹ́ni tó ní kí n sọ bẹ́ẹ̀ o. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi, tí mo wá ń bínú sí gbogbo ẹni tó bá wà níta.

Ìyá àgbà rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá léraléra ló fi ń wá, oṣù Kẹsàn-án, yàrá kẹrin, èyí tó ní bákónì. Ìgbà òtútù ló ti máa ń ṣètò wíwá rẹ̀. Nínú oṣù Kìíní ni ìwé rẹ̀ máa ń dé, tí ìbéèrè inú rẹ̀ á ní nọ́ńbà bí ìdánwò ọmọ iléèwé, torí olùkọ́ ìṣirò ni: ọ̀kan, ṣé ẹ ti yí fóòmù bẹ́ẹ̀dì náà dojú dé; méjì, ṣé igi ọ̀pọ̀tọ́ ẹ̀yìn ilé ti so; mẹ́ta, ṣé Saverio ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń se tíì. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kì í kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni, ń dáhùn ní nọ́ńbà, ní nọ́ńbà. Mo ní kí o mọ̀ pé ìyá àgbà rẹ máa ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ó kọ́ èdè wa, àmọ́ ó máa ń gbé ọ̀rọ̀ síbi tí kò yẹ. Kò mọ ẹ̀yin rárá, ìwọ ló ń pe gbogbo ayé, títí kan fada. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin lọ́dún kan, ó ní, "Saverio! Mo jẹ ọkọ̀ aago mẹ́rin!" Saverio ní, "Ṣé o fi iyọ̀ sí i?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́. Ohun kan ṣoṣo tí kò fẹ́ràn nínú ilé wa ni ìkòkò tí a fi ń se omi. Ó ní tíì wa ń rùn bí ẹja.

Ní ọdún kọkànlá, mo kíyè sí i pé àwàdà wọn ti yí padà. Wọ́n á jókòó sídìí tábìlì lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, páálí kan á wà láàárín wọn, Saverio á mú pẹ́ńsù dúdú, Enid á mú pupa. Tí mo bá gbé èso dé, wọ́n á da aṣọ ìnuwọ́ bo páálí náà, Enid á sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ẹ̀rín yẹn wọ inú mi lọ ó sì jókòó síbẹ̀. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án dé ìdajì, ó padà sílé láti lọ sọ fún ìyá rẹ, Tamsin, pé òun fẹ́ wá máa gbé níhìn-ín títí láé. Bóyá ìyá rẹ ò sọ fún ọ rí. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì sọ fún mi nígbà náà. Láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta búrẹ́dì ni mo ti gbọ́ ọ.

Ní Ọjọ́rú kan, nígbà tí oṣù náà ń parí lọ, mo gbé oúnjẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n mi nínú àgọ́ tó ń kó àwọ̀n rẹ̀ sí. Kò sí níbẹ̀. Páálí náà ni mo bá, ó ti fi ìṣó mẹ́rin kàn án mọ́ pákó. Àwòrán ilé wa ni. Ó ya ìsàlẹ̀ ilé, ibi ìdáná, ibi ìjẹun, yàrá rẹ̀, àti yàrá tèmi tó kọjú sí òkun, níbi tí ìyá wa kú sí, níbi tí mo ti ń sùn láti kékeré. Ó ti fa igi pa orúkọ mi níbẹ̀. Ohun tó kọ dípò rẹ̀ ni "Tíì Enid." Mo wá orúkọ mi ní gbogbo ojú páálí náà. Mo wo ẹnu ọ̀nà, mo wo ẹ̀yìn ìdáná, mo tiẹ̀ wo ibi tó ya ilé adìyẹ sí. Mi ò sí níbì kankan. Ogójì ọdún ó lé tí mo ti ń pọn omi, wọ́n sì ti pa mí rẹ́ nínú ilé bàbá mi nítorí tíì. Mo gbé oúnjẹ náà sílẹ̀, mo sì bá ọ̀nà mi lọ. Rántí ibí yìí dáadáa, Tamsin: mo wo páálí náà, mo sì bá ọ̀nà mi lọ.

Ọjọ́ kejì, Ọjọ́bọ̀, mo wà nínú ìdáná nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń pariwo bí gbogbo ẹni tó ń bá òkè òkun sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ó ní, "Enid, gbọ́ mi dáadáa. Ọjọ́ mẹ́jọ òní, ọkọ̀ aago mẹ́rin. Tí mo bá rí ọ tí o bọ́ sílẹ̀, ilé rẹ nìyí títí a ó fi kú. Tí mi ò bá rí ọ, mi ò ní bi ọ́ pé kí ló dé. Mi ò ní kọ̀wé, mi ò ní gbé fóònù. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀." Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó fọwọ́ pa irun rẹ̀, ó sì jáde lọ sọ fún gbogbo àwọn tó ń mu kọfí létí títéṣàn. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe rí nìyẹn. Kò lè fi ayọ̀ pamọ́, kò sì lè kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Ní Ọjọ́ Ìsìnmi, fóònù dún. Saverio ti lọ pẹ̀lú àwọn tó ń gbé ère Ìyá Wa Màríà yíká ìlú. Mo nu ìyẹ̀fun ọwọ́ mi nù, mo gbé e. "Ersilia? Enid ni. Má pe Saverio. Mo kàn fẹ́ mọ̀ dájú. Ó ní ọjọ́ mẹ́jọ. Mo kà á. Ọjọ́ Ẹtì ló bọ́ sí. Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin. Ṣé òótọ́ ni?" Ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, òní gan-an la fi ń ṣe ọjọ́ kìíní. Ẹni tó bá sọ ní Ọjọ́bọ̀ pé ọjọ́ mẹ́jọ òní, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ló ń sọ, ọmọ ọdún mẹ́rin ìlú yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà rẹ ti yọ òní kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ látọ̀la, bí wọ́n ṣe ń kà á nílé yín. Ọ̀rọ̀ kan ló kù kí n sọ. Kí n ní, "Rárá o, Ọjọ́bọ̀ ni." Mo wo ilẹ̀kùn yàrá mi, mo rántí páálí yẹn. Mo ní, "Ẹ̀yin lolùkọ́ ìṣirò. Ta ni mo jẹ́ tí màá fi kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń kà?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé mo ń bá òun ṣeré. Ó ní, "Ó dáa! Ọjọ́ Ẹtì! Sọ fún un pé mo ń bọ̀. Sọ fún un pé mò ń gbé kẹ́tùlù mi bọ̀, yóò mọ̀ pé mi ò ní padà mọ́." Mo ní màá sọ fún un. Nígbà tí Saverio dé, tí èjìká rẹ̀ pọ́n nítorí ère tó gbé, ó bi mí bóyá ẹnikẹ́ni pè. Mo ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wá jẹun."

Ní Ọjọ́bọ̀, ó wọ kóòtù dúdú tó fi sin ìyá wa, ó sì so àlùbọ́sà pupa mẹ́wàá pọ̀ pẹ̀lú ríbọ́ńnù, torí Enid fẹ́ràn àlùbọ́sà wa ju òdòdó lọ. Gegè rí i lọ́nà, ó ní, "Don Savè, ṣé ìyàwó lẹ fẹ́ gbé ni àbí ọbẹ̀ lẹ fẹ́ sè?" Saverio ní, "Méjèèjì!" Gbogbo ẹni tó ń mu kọfí pàtẹ́wọ́ fún un. Ọkọ̀ aago mẹ́rin dé, àwọn ọmọ ogun méjì ló bọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú obìnrin kan tó gbé ewúrẹ́. Ó dúró de ti aago márùn-ún. Ó dúró de ti aago mẹ́fà. Gegè sọ fún mi pé nígbà tó yá, àwọn tó ń mu kọfí yí àga wọn padà kí wọ́n má bàa máa wò ó. Ó wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, ó gbé àlùbọ́sà náà sórí tábìlì, ó ní, "Ersí, kò wá. Fi wọ́n se nǹkan." Mo fi wọ́n se nǹkan. Mo bu oúnjẹ sí i, mo jókòó níwájú rẹ̀, a jẹ ẹ́. Ó wí fún mi pé ó dùn.

Ní ìdájí Ọjọ́ Ẹtì, ó wa ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀ lọ sí abúlé ìbátan wa nísàlẹ̀ etí òkun, kí ojú ìlú lè kúrò lára òun fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo dúró lójú fèrèsé mi, mò ń wo ọkọ̀ náà títí ó fi wọ ẹ̀yìn àpáta. Mo lè pè é. Ohùn mi máa ń dún dáadáa nígbà náà. Lẹ́yìn tó lọ, mo ṣì ní láti ìdájí títí di aago mẹ́rin láti ronú, nítorí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ìbínú ló gbé mi. Mo fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mo sá a. Mo fún adìyẹ lóúnjẹ. Nígbà tí aago mẹ́ta ààbọ̀ lù, mo wọ bàtà tí mo fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kí Gegè gbé mi lọ sí títéṣàn. Ó ní, "Donna Ersilia, ta la fẹ́ lọ gbé?" Mo ní, "A ò lọ gbé ẹnikẹ́ni."

Enid nìkan ló bọ́ sílẹ̀; ilé kọfí kì í ṣí ní Ọjọ́ Ẹtì, Gegè nìkan ló wà pẹ̀lú mi. Ó dé fìlà aláwọ̀ ewé, ó ní àpótí ńlá méjì, ó sì gbé kẹ́tùlù náà sáyà, ó fi súwẹ́tà wé e bí wọ́n ṣe ń wé ọmọ tuntun. Ó dì mọ́ mi, ó sì ń wo ẹ̀yìn mi láti wá ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Saverio ńkọ́? Ṣé ó fara pamọ́ ni?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ rí yín, ó ti wa ọkọ̀ lọ." Ó kọ́kọ́ rò pé òun ò gbọ́ èdè náà dáadáa. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ díẹ̀díẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ọjọ́: Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀kan, Àbámẹ́ta, méjì, títí ó fi dé mẹ́jọ. Ó tún un kà. Ló bá gbójú sókè, ó ní, "Ersilia, ṣé mo ṣìṣe nínú ìṣirò ni? Ṣé àná ni? Tó bá jẹ́ àná ni, sọ fún mi. Màá jókòó síbí yìí títí tó fi máa dé. Màá bẹ̀ ẹ́." O rí i pé ó ti fọwọ́ kan òtítọ́ fúnra rẹ̀. Gegè ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹnu rẹ̀ ti là, torí ojú rẹ̀ ni Saverio ṣe dúró pẹ̀lú àlùbọ́sà lánàá. Mo wo Gegè. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Mo ní, "Ẹ ò ṣìṣe nínú ìṣirò." Nígbà tí ó ṣì ń wò mí, mo ní, "Ọkọ̀ tó ń padà máa dé ní aago márùn-ún."

Gbólóhùn mẹ́ta náà nìyẹn. Mo ti gbìyànjú láti mọ èyí tó burú jù nínú wọn. Èyí àárín ni. Irọ́ àkọ́kọ́ lé e lọ, ṣùgbọ́n ìkejì ló gba gbogbo ohun tó lè fi dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sunkún. Ó na kẹ́tùlù náà sí mi, ó ní, "Fún un. Ó kéré tán, kí ó máa mu tíì tó dáa." Gegè bá a gbé àpótí rẹ̀ sí òdìkejì ojú irin, Enid sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí à ń darí lọ sílé, Gegè ń sunkún lórí kẹ̀kẹ́, mo sì sọ fún un pé tí ó bá sọ̀rọ̀, kò ní gbé àlejò ilé wa mọ́ láé. Ìyàwó rẹ̀ lóyún nígbà náà. Ó ń bi mí báyìí pé, "Ṣé kí n kọ ìyẹn náà?" Kọ ọ́, Gegè.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ọjà ni mo ti rí kẹ́tùlù náà. Òun la fi ń se omi tíì rẹ̀ láràárọ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Enid pe fóònù lẹ́ẹ̀mejì, mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mo gbé e sílẹ̀. Ó kọ ìwé kan, mo jù ú sínú ààrò búrẹ́dì láìṣí i. Saverio ò gbé fóònù mọ́ láyé rẹ̀, bó ṣe wí. Kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàwàdà mọ́ pẹ̀lú àwọn àlejò. Ó ń jẹun, ó ń pẹja, ó ń darúgbó lójú mi. Ohun tí mo fẹ́ ni mo rí gbà: yàrá mi, ìdáná mi, garawa mi, àti ẹ̀gbọ́n mi níwájú mi nídìí tábìlì, tí kò ní ohun kan láti bá mi sọ. Ní ọ̀sán tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó mu tíì díẹ̀, ó ní, "Ersí, mo máa ń rò ó. Ṣé mo dá ọjọ́ fún un bó ṣe yẹ?" Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ni. Ó ṣì ń wá ẹ̀bi náà lára ara rẹ̀. Mo ní, "Ẹ sinmi, ẹ̀gbọ́n mi." Ó sinmi. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo lọ palẹ̀ àgọ́ àwọ̀n mọ́. Páálí náà ṣì wà lára pákó. Ìṣó mẹ́rin náà ti dípẹtà, mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ fà wọ́n yọ, páálí náà já bọ́, ó sì dojú dé ilẹ̀. Àwòrán wà lẹ́yìn rẹ̀, Tamsin. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n yà sẹ́yìn. Àyè ò gba gbogbo ilé lójú kan. Nínú yàrá kẹrin, ẹ̀gbọ́n mi fi pẹ́ńsù dúdú kọ ọ́ pé, "Ersí. Kò gbọdọ̀ gbé garawa mọ́." Lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú pẹ́ńsù pupa àti àṣìkọ tí mo mọ̀ dáadáa, ìyá àgbà rẹ kọ ọ́ pé, "Yàrá mi. Mo fún Ersilia. Oòrùn àárọ̀ dára fún ẹ̀yìn tó ń dùn ún." Ó ya àga kan sí bákónì. Ó ya obìnrin kékeré kan sórí àga náà, tí kò ṣe nǹkan kan, tó kàn jókòó. Èmi ni. Èmi ni wọ́n ń fi aṣọ ìnuwọ́ bò. Ọ̀rọ̀ ìdùnnú tí wọ́n fẹ́ fi yà mí lẹ́nu ni mo pa àwọn méjèèjì lé lórí.

Mo ti lọ bá fada. Ó ní kí n ka "Mo kí ọ Màríà" nígbà ogún, ó sì ní Ọlọ́run ti dárí jì mí. Fada, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n kì í ṣe Ọlọ́run ló jókòó sórí àpótí yẹn. Mo ní kí n wá Enid kàn kí n tó kú, mo ń sún un síwájú, ojú ń tì mí. Ìwé rẹ wá dé. O ní ó kú nínú oṣù Kejì. O ní kò gbà kí ẹ mú òun lọ síbi tí oòrùn wà rí, àti pé obìnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ní ìṣirò, tí ẹ bá ní kó ka ọjọ́ tí ọdún Kérésì kù, á kà á lórí ìka, á wá bi yín pé, "Ṣé mo kà á dáadáa?" O kọ ọ́ bí ohun ẹ̀rín tí àwọn arúgbó máa ń ṣe. Mo ní kí Gegè, tó ń kà á fún mi, dákẹ́ níbẹ̀. Mi ò tíì jẹ́ kó kà á dé ìparí títí di òní.

Mi ò ní bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí. Kì í ṣe ìwọ lo ni ìdáríjì náà, àwọn tó ni ín sì ti lọ, ọ̀kan sí itẹ́ òkú òkè ìlú wa, ọ̀kan sí ìlú olójò yín. Ohun kan ni mo lè sọ fún ọ bí o ṣe kéré yìí: tí o bá rí ìwé kan lára ògiri tó dùn ọ́ dé egungun, yọ ìṣó rẹ̀, yí i padà, wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí o tó ṣe nǹkan kan. Èmi ò yí i padà. Gbogbo ayé mi àti ti ẹni méjì mìíràn ló wà lẹ́yìn páálí yẹn.

Àwọn ìbéèrè rẹ yòókù nìyí. Bẹ́ẹ̀ ni, oòrùn ṣì máa ń mú nínú oṣù Kẹsàn-án. Yàrá kẹrin wà, a ti yí fóòmù bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dojú dé. Wọ́n fún mi ní yàrá náà ní ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, mi ò sì sun ibẹ̀ rí lọ́jọ́ kan. Páálí náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kẹ́tùlù wà lórí tábìlì, má gbé e kaná, ó ti jò. Ọjọ́ mẹ́rìnlá tí o pè é yẹn, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la ń pè é níhìn-ín, ṣùgbọ́n má fetí sí wa. Ọkọ̀ aago mẹ́rin ni kí o wọ̀, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án, Ọjọ́bọ̀ ni. Mo ti ní kí Gegè fi nọ́ńbà kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé yìí, kó sì fa ìlà méjì sí i nídìí. Èmi ò ní sí níbẹ̀. Gegè yóò dúró dè ọ́ ní títéṣàn. Ó ní òun máa dúró ní Ọjọ́rú, òun máa dúró ní Ọjọ́bọ̀, òun á sì tún dúró ní Ọjọ́ Ẹtì.